Àwòrán, Sítáǹpù àti Òǹtẹ̀: Bí Wọ́n Ṣe Ń Kó Káàdì Ibi Àjogúnbá Jọ

Nǹkan mẹ́ta ló wà lára káàdì ìfìwéránṣẹ́ tó ní àwòrán òkè, odò, igbó tàbí ìlú àtijọ́: àwòrán ojú rẹ̀, sítáǹpù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, àti òǹtẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ tẹ̀ lé e lórí. Àwòrán ló máa ń kọ́kọ́ wu èèyàn, sítáǹpù ni wọ́n sì máa ń náwó lé. Òǹtẹ̀ ni ẹ̀rí. Òun ló ń sọ ìlú tí káàdì ti gbéra àti ọjọ́ tó gbéra, òun náà sì ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń fi ṣeré jù.

Káàdì tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bára mu lára rẹ̀ ni àwọn tó ń kó o jọ kárí ayé ń pè ní maximum card. Òfin rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ wọn kì í gbojú fò ó. Ojú tí àwòrán wà ni wọ́n ń lẹ sítáǹpù mọ́, kì í ṣe ẹ̀yìn tí àdírẹ́sì wà. Ohun tó wà lójú sítáǹpù ló gbọ́dọ̀ wà nínú àwòrán káàdì, bó bá ti lè súnmọ́ra tó, ṣùgbọ́n káàdì kò gbọdọ̀ jẹ́ àwòrán sítáǹpù náà tí wọ́n kàn sọ di ńlá. Ìlú tó wà nínú òǹtẹ̀ gbọ́dọ̀ ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ibi tó wà nínú àwòrán. Ọjọ́ inú òǹtẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sí ìgbà tí sítáǹpù náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Bó bá súnmọ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ jáde, ó tún níyì sí i. Ní ti ìwọ̀n, káàdì kì í kéré ju sẹ̀ǹtímítà 9 níbùú àti 14 lóròó lọ, kì í sì í tóbi ju 10.5 níbùú àti 14.8 lóròó lọ. Àwòrán gbọ́dọ̀ gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ojú rẹ̀, ó kéré tán.

Ẹ jẹ́ ká fi Òkè Olúmọ ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí 1969 ń parí lọ, Nàìjíríà gbé sítáǹpù jáde fún Ọdún Ìrìn-Àjò Afẹ́ ní Áfíríkà, Olúmọ sì wà lórí ti kọ́bọ̀ mẹ́rin ayé pọ́n-ùn (4d). Káàdì Olúmọ tó ní sítáǹpù yẹn lójú, pẹ̀lú òǹtẹ̀ Abẹ́òkúta ti 1970, kò ní àbùkù. Bí òǹtẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ti Kánò, àwòrán àti sítáǹpù ṣì bára mu, àmọ́ ibi ti yẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì ra sítáǹpù náà lónìí, tó gbé e lọ sí Abẹ́òkúta pé kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ ọdún yìí lé e, ìgbà ló yẹ̀. Owó pọ́n-ùn àti ṣílè ti kúrò nílẹ̀ láti oṣù Kìíní 1973 tí náírà ti dé, sítáǹpù owó yẹn kò sì lè gbé lẹ́tà dé ibì kankan mọ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé sítáǹpù àtijọ́ ni wọ́n ń wá pẹ̀lú òǹtẹ̀ àtijọ́, tí sítáǹpù tuntun sì ń gba òǹtẹ̀ tuntun.

Fún ẹni tó ń gbé Ọ̀yọ́, sítáǹpù ìlú rẹ̀ tó yẹ kó kọ́kọ́ wá ni ti tọ́rọ́ (kọ́bọ̀ mẹ́ta ayé pọ́n-ùn, 3d) tó jáde ní 1961, tó gbé agbẹ́nà Ọ̀yọ́ sójú. Sítáǹpù ojoojúmọ́ ni nígbà ayé rẹ̀, nítorí náà kì í wọ́n. Ẹni tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ọkàn rẹ̀ fà sí odò, lè bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́bà, tó wà lọ́nà àríwá lẹ́yìn Ìlọrin. Odò Ọya ní Jẹ́bà wà lórí sítáǹpù ṣílè mẹ́wàá ti 1936, ó tún wà lórí ti ṣílè márùn-ún ti 1938, afárá Jẹ́bà náà sì wà lórí tọ́rọ́ ti 1953.

Sítáǹpù ṣílè márùn-ún yẹn ló dára jù láti fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka eyín sítáǹpù, ìyẹn ihò wẹ́wẹ́ etí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi tẹ àwòrán kan náà, ẹ̀rọ tó ń dá ihò sí etí rẹ̀ sì ń yí padà. Àwọn kan ní eyín 14, àwọn mìíràn 12, ti àkọ́kọ́ sì jẹ́ 13 lápá kan, 11½ lápá kejì. Owó wọn kò dọ́gba rárá. Iye ihò tó wà láàárín sẹ̀ǹtímítà méjì ni wọ́n ń pè ní ìwọ̀n eyín. Rúlà tó mọ́ dáadáa àti dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá ti tó láti kà á: gbé òdo rúlà sí àárín ihò kan, kí o ka èyí tó tẹ̀ lé e ní ení, títí dé sẹ̀ǹtímítà méjì. Kà á lókè, kí o tún kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí wọ́n lè yàtọ̀ síra.

Nàìjíríà ní ibi méjì lórí ìwé Ogún Ayé ti àjọ UNESCO: Sukur ní Adamawa, tó wọlé ní 1999, àti Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tó wọlé ní 2005. Ọ̀yọ́-Ilé kò sí níbẹ̀, àmọ́ kò sí àkójọ ará Ọ̀yọ́ tó pé tí kò ní í. Àwókù ìlú náà, tí àwọn èèyàn rẹ̀ fi sílẹ̀ ní nǹkan bí 1835, wà nínú ọgbà orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Old Oyo National Park. Ọgbà náà tóbi tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, ọ́fíìsì àgbà rẹ̀ sì wà ní Ìsọ̀kùn, nínú Ọ̀yọ́ ìsinsìnyí. Èyí ni òǹtẹ̀ Ọ̀yọ́ fi tọ́ sí káàdì Ọ̀yọ́-Ilé: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bójú tó àwókù náà, ibẹ̀ náà sì ni Aláàfin Àtìbà tẹ ìlú dó sí lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú. Fún Adágún Ìyákẹ́ lórí òkè Àdó-Àwáyè, òǹtẹ̀ Ìsẹ́yìn, tó wà nítòsí, ló yẹ.

Kò rọrùn láti rí káàdì títà tó ní àwòrán irú ibi báyìí nílé ìtàwé tàbí lọ́jà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Títẹ̀ ẹ́ fúnra ẹni ló kù. Ibi tí nǹkan ti sábà máa ń wọ́ ni ilé fọ́tò, nítorí ìwọ̀n tí wọ́n mọ̀ jù ni ínǹṣì 4 níbùú àti 6 lóròó, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 10.2 níbùú àti 15.2 lóròó, tó gùn ju ohun tí òfin gbà lọ. Ní kí wọ́n fi àlàfo díẹ̀ sí ìparí gígùn rẹ̀, kí o wá gé e sí 14.8. Má gba bébà fọ́tò tó ń dán. Ojú rẹ̀ kì í mu yíǹkì, òǹtẹ̀ máa dúró lórí rẹ̀ bí omi lórí ewé kókò, àtàǹpàkò kan ṣoṣo á sì nù ún dànù. Bébà líle tí kò dán, tí wíwúwo rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 250 sí 300 ní mítà kan níbùú lóròó (gsm), ló ń gba yíǹkì. Nígbà yíya fọ́tò, fi ojú ọ̀run tàbí ògiri tó ṣófo sílẹ̀ lókè ní ọwọ́ ọ̀tún, kí sítáǹpù má bàa bo ohun tí wọ́n ń wò. Nínú Ààfin àti ní ojúbọ, gba àṣẹ kí o tó gbé kámẹ́rà sókè. Ibòmíràn wà tí wọn kì í yà rárá, ó sì yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un. Káàdì tí wọ́n tà fún gbogbo ayé ni àwọn adájọ́ ìdíje máa ń fẹ́ rí. Èyí tí èèyàn tẹ̀ fúnra rẹ̀ wà fún àkójọ ilé àti fún pàṣípààrọ̀.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù ni orí káńtà. Páàdì yíǹkì lè gbẹ, kó jẹ́ ìlàjì òǹtẹ̀ ni yóò hàn. Ó sì lè rin jù, kí orúkọ ìlú di àbàwọ́n. Wọ́n lè gbàgbé láti yí ọjọ́ àná padà. Tábìlì líle máa ń jẹ́ kí òǹtẹ̀ fò, kó tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Má lọ nígbà tí èrò pọ̀. Mú bébà ìwé ìròyìn mẹ́rin tàbí márùn-ún dání láti tẹ́ sábẹ́ káàdì, kí o sì mú bébà lásán tí wọ́n máa kọ́kọ́ dánwò sí. Ọ̀rọ̀ tó mọ níwọ̀n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kí orúkọ ìlú lè hàn.” Òǹtẹ̀ tó dára máa ń mú igun sítáǹpù, bí ìdá mẹ́rin sí ìdá mẹ́ta rẹ̀, èyí tó kù á sì bọ́ sórí káàdì. Kó lọ sísàlẹ̀ tààrà, kó gòkè tààrà. Lẹ́yìn náà, fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí o tó to òmíràn lé e. Má fọwọ́ nù ún. Bí o bá fẹ́ fi irú káàdì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, inú àpò ìwé ni kó wà, kí òǹtẹ̀ kejì má bàa bọ́ sójú rẹ̀.

Ní ti lẹ́tà àtijọ́, má gé sítáǹpù kúrò lára àpò rẹ̀. Àwọn oníwàásù Onítẹ̀bọmi ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1855, ilé ẹ̀kọ́ wọn tó ń kọ́ àwọn pásítọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1898, nítorí náà àpótí ìwé àwọn ìdílé kan níbẹ̀ lè ní lẹ́tà tó ti gba òkun kọjá. Sítáǹpù ara rẹ̀ lè má tó nǹkan. Òǹtẹ̀ tó wà lẹ́yìn àpò, ti ibi tó gbà kọjá àti ibi tó gúnlẹ̀ sí, ni ìtàn ìrìn-àjò rẹ̀, sísọ́ọ̀sì sì ni yóò pa ìtàn náà. Orúkọ tó wà lórí sítáǹpù náà ń sọ ìgbà: sítáǹpù Lagos bẹ̀rẹ̀ ní 1874, ti Gúúsù Nàìjíríà ní 1901, Lagos wọ inú rẹ̀ ní 1906, gbogbo rẹ̀ wá di Nàìjíríà ní 1914.

Sítáǹpù tó wà lára àpò òde òní tí kò ní òǹtẹ̀ pàtàkì ni wọ́n ń rẹ sómi. Gé bébà yí i ká, fi í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 30, kí o sì dúró títí yóò fi yọ̀ kúrò fúnra rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó bá fà á nígbà tí gọ́ọ̀mù ṣì dì mú, ẹ̀yìn rẹ̀ á fẹ́lẹ́, iyì rẹ̀ ò sì ní pé lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àpò pupa tàbí búráwùn, abọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí ó máa ń ṣí àwọ̀. Tẹ́ sítáǹpù dojú délẹ̀ sórí bébà funfun, kì í ṣe ìwé ìròyìn tí yíǹkì rẹ̀ ń ràn. Bó bá fẹ́ gbẹ tán, kó sùn mọ́jú lábẹ́ ìwé ńlá. Èyí tó jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti ní àtè bíi ti sítíkà kò ní gbọ́ ti omi. Gé e pẹ̀lú bébà yí i ká, kí o fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀mú kékeré tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni kí o fi máa mú wọn. Èyí tí wọ́n fi ń tu irun ojú máa ń gún bébà.

Ẹ̀yìn káàdì ni wọ́n ń wò láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Káàdì ìfìwéránṣẹ́ àkọ́kọ́ jáde ní Austria ní 1869. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àdírẹ́sì nìkan ló láṣẹ láti wà lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ sì ń wà létí àwòrán. Bìrìtéènì gba ìlà tó pín ẹ̀yìn sí méjì láàyè ní 1902, Jámánì ní 1905, Amẹ́ríkà ní 1907. Bí ìlà bá wà láàárín tí wọ́n sì pè é ní káàdì Bìrìtéènì ti 1895, irọ́ ni. Ẹ̀tàn mìíràn ni àdàkọ tí wọ́n fi tíì rẹ kó lè dà bí ti àtijọ́. Iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó wò máa ń tú u fó: bébà òde òní ní èròjà tó ń mú un tàn búlúù-funfun lábẹ́ iná yẹn, bébà ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì kò ní i. Kí o sì fi dígí wò ó. Bí àwòrán bá pín sí àmì tóótòòtó, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló tẹ̀ ẹ́. Bó bá jọ̀lọ̀, fọ́tò gidi ni. Má gba ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ àwòrán gbọ́ láìwádìí, nítorí àwọn tó tẹ káàdì láyé ìjọba amúnisìn máa ń ṣi orúkọ ìlú wa kọ, wọn kì í sì í dárúkọ ẹni tó wà nínú àwòrán. Ẹni tó bá mọ ògiri, igi tàbí òkè náà lè dá orúkọ tó tọ́ padà fún un, iṣẹ́ ńlá sì nìyẹn.

Ojú ọjọ́ tiwa nílò àmójútó. Nígbà òjò, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn sítáǹpù tuntun á lẹ̀ mọ́ ewé ìwé, bébà á sì bu. Nígbà ọyẹ́, sítáǹpù á ká kòrókòró, gọ́ọ̀mù á sán. Má fi àkójọ sẹ́bàá ògiri tó ń rin, má sì fi í sókè kọ́bọ́ọ̀dù lábẹ́ páànù tó ń gbóná. Ilẹ̀ kò yẹ ẹ́ nítorí ikán. Orí pẹpẹ irin tó jìnnà sí ògiri ló dára. Aáyán fẹ́ràn gọ́ọ̀mù, nítorí náà oúnjẹ kò gbọdọ̀ wọ yàrá náà. Má ju káńfọ̀ sínú álíbọ́ọ̀mù: èéfín rẹ̀ ń rọ àwọn ike kan. Ọ̀rá PVC rírọ̀ ń sun òróró lé káàdì lórí bí ọdún ti ń gorí ọdún, àpò polypropylene tàbí polyester ló yẹ kó o béèrè. Kò sí sẹ́lótéèpù, kò sí rọ́bà ìdìwó, kò sí lamination.

Àwọn tó ń ṣe pàṣípààrọ̀ pọ̀ lórí Postcrossing, ìkànnì pàṣípààrọ̀ káàdì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń kó káàdì àwọn ibi UNESCO. Àpótí lẹ́tà tí ẹnì kan gbà nílé ìfìwéránṣẹ́ ń dín ìsọnù kù ju àdírẹ́sì ojúlé tí nọ́ńbà rẹ̀ kò dájú lọ. Kí káàdì kan tó jáde nílé, ya ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ní 600 dpi, ìyẹn ìwọ̀n bí àwòrán ṣe máa mọ́ tó. Èyí tó bá wọlé, fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà kékeré sí igun ẹ̀yìn rẹ̀, kí nọ́ńbà kan náà wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ibi, ìlú àti ọjọ́ inú òǹtẹ̀, ìwọ̀n eyín sítáǹpù, ẹni tó ti ọwọ́ rẹ̀ wá, àti iye tí wọ́n rà á.