Egungun ìbàdí nínú ọrùn ọwọ́ kẹ̀?

Ìbéèrè: Màmá mi yọ̀ ṣubú ní Sábó, Ìkòròdú, ọrùn ọwọ́ wọn kán. Dókítà ní òun lè bu egungun díẹ̀ níbàdí wọn fi dí i. Kí la fẹ́ sọ ọgbẹ́ kan di méjì fún?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Ẹni tó ń ṣubú a máa na ọwọ́ gbálẹ̀, gbogbo ara á sì gùn ún. Egungun apá tó wà níhà àtàǹpàkò ló sábà ń kán. Ibi tó kángun sí ọrùn ọwọ́ lára rẹ̀ lu wẹ́wẹ́ nínú bíi kànrìnkàn, ti obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá sì tún máa ń fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá kán, ó máa ń rún mọ́ra. Nígbà tí dókítà bá fà á padà sípò, ihò á ṣẹ́kù síbi tó ti rún. Ihò yẹn ni wọ́n fẹ́ dí, kó má tún wó.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni kó jẹ́ ti ìbàdí?

Ìdáhùn: Rárá. Ti ìbàdí dáa torí pé ẹran ara ẹni ni, ó ṣì ní ẹ̀mí nínú. Àmọ́ ojú ibi tí wọ́n ti bù ú lè máa dun èèyàn fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n tún ń lo egungun tí ẹlòmíì fi tọrẹ, àti àtọwọ́dá: kálísíọ́mù tí wọ́n pò, tó máa ń gan bíi símẹ́ńtì, ọmọ ìyá pí-ó-pí (ìyẹn ohun funfun tó ń gan, tí wọ́n fi ń di egungun tó kán) tí ara máa ń fà mu, kódà èyí tí wọ́n fi iyùn inú òkun ṣe. Iyùn o! Kì í kàn ṣe ọrùn olóyè nìkan ló mọ̀.

Ìbéèrè: Bí a ò bá gbà ńkọ́?

Ìdáhùn: Lọ́dún 2008, àwọn olùwádìí Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń kó ẹ̀rí ìwádìí ìṣègùn jọ, yẹ ìdánwò 10 wò, tó kó àgbàlagbà 874 pọ̀. Dídí ihò lè mú kí egungun tò dáadáa ju pí-ó-pí nìkan lọ. Pé ọwọ́ náà á ṣiṣẹ́ dáadáa jù, ẹ̀rí ò tó. Lóde òní, irin pẹlẹbẹ tí síkúrù dè mọ́lẹ̀ lápá àtẹ́lẹwọ́ máa ń gbé ẹrù náà fúnra rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Èmi ì bá bi dókítà pé: ṣé irin nìkan ò lè dá a dúró?

Ìbéèrè: Bàbá tó ń to egungun ládùúgbò ńkọ́?

Ìdáhùn: Ọwọ́ wọn lè mọ egungun, ṣùgbọ́n wọn ò lè fi rí i bóyá ó ti là wọ inú oríkèé. Bí wọ́n bá sì ti dì í, tí ìka ń tutù, tó ń kú tipiri tàbí tó ń dúdú, ẹ tú u lójú ẹsẹ̀. Ilé ìwòsàn egungun Ìgbóbì, tó ti wà láti 1945, ojú ọ̀nà Ìkòròdú gan-an ló wà. Ẹ mú fọ́tò ẹ́síréè dání lọ.