Òkun Kì í Ṣe Odò Kámpè

Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí àwọn èèyàn wa láti Kàbbà, Ìsánlú, Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kogí bá ń lọ kí àwọn ọmọ wọn ní Èkó, ìpè máa ń wọlé sórí fóònù mi láti etí omi. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ: “Ọ̀gá, láti òwúrọ̀ la ti jókòó síbí, omi yìí ò lẹ́ja.” Àwọn tó ń pè wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Wọ́n ti fi ìwọ̀ pẹja ní adágún ìsédò Kámpè tó wà ní Ọmì, àwọn mìíràn sì ti mú ọ̀bọ̀kún tó tóbi létí Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja. Nítorí náà, n kò ní fi àkókò ṣòfò lórí bí a ṣe ń so ìwọ̀ mọ́ okùn tàbí bí a ṣe ń fi edé há a lẹ́nu. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn, kó kọ́kọ́ lọ kọ́ ọ nílé.

Ohun tó ń ṣe wọ́n ni pé wọ́n gbé ọgbọ́n odò lọ sí etí òkun. Odò Ọya kì í yí ojú padà: ibi tó ń ṣàn lọ lánàá ló ń ṣàn lọ lónìí, ìgbà òjò ló ń kún, tí ìkún rẹ̀ sì máa ń le jù ní Lọ́kọ́ja láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, lẹ́yìn náà a tún fà. Ẹni tó bá mọ ibùba ẹja kan níbẹ̀ lè máa padà síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Omi iyọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹja kún fọ́fọ́ láàárọ̀ lè di ẹrẹ̀ gbígbẹ lọ́sàn-án, ìdí sì nìyí tí ó fi jẹ́ pé, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé níbo ni ẹja wà, èmi náà á bi í pé aago mélòó ló fẹ́ débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí dáadáa, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà. Òṣùpá ló ń fa omi òkun, oòrùn sì ń ràn án lọ́wọ́. Ní etíkun wa, omi máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì máa ń fà lẹ́ẹ̀mejì láàárín nǹkan bíi wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 50, èyí tó túmọ̀ sí pé láti ìkún kan sí èkejì jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25. Bí omi bá kún tán ní aago méje òwúrọ̀ òní, kí ẹ má retí rẹ̀ ní aago méje lọ́la. Yóò ti sún mọ́ aago mẹ́jọ. Ní ẹnu òkun Èkó, gíga tí omi ń gùn jẹ́ nǹkan bíi mítà kan, ṣùgbọ́n ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tí ó bá di àrànmọ́jú, ó sì máa ń dín kù nígbà tí òṣùpá bá jẹ́ ìlàjì. Bẹ́ẹ̀ ni kì í gùn ní ìwọ̀n kan náà. Ní wákàtí àkọ́kọ́, díẹ̀ báyìí ló ń wọlé, ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Ní wákàtí kẹta àti ìkẹrin ni nǹkan bí ìdajì gbogbo omi náà ń rọ́ wọlé. Lẹ́yìn náà ó tún rọra.

Ẹ tún fi èyí kún un: ẹnu ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ èbúté Apápá ni omi òkun ń gbà wọ ọ̀sà Èkó, nítorí náà bí ibi tí ẹ wà bá ṣe jìnnà sí ẹnu náà ni ìkún omi yóò ṣe pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, tí agbára rẹ̀ yóò sì dín kù. Aago ìkún omi tí fóònù bá kọ fún ẹnu òkun kì í ṣe aago Ìkòròdú. Bí ẹ bá sì dé ọ̀sà Lẹ́kí, lọ́nà Ẹ̀pẹ́, omi ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má níyọ̀ rárá.

Ẹja mọ aago yìí ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Bí omi bá ń wọlé, edé, akàn, ẹ̀pìyà àti atoko á bá a gun orí ẹrẹ̀ àti sáàárín gbòǹgbò igi ẹgbà tó ń hù nínú ẹrẹ̀ etí omi láti jẹun, kúta àti àwọn apẹja-jẹ mìíràn á sì tẹ̀ lé wọn. Bí omi bá ń fà, gbogbo wọn á tún gba ẹnu odò kéékèèké jáde, àwọn ńlá á sì dúró sí etí ibi tí omi tí kò jìn ti já sí ibú, kí oúnjẹ máa bọ̀ wá bá wọn. Ibẹ̀ ni kí ìwọ̀ yín wà. Nígbà tí omi bá dúró lójú kan láàárín ìkún àti ìfà, ẹja kì í sábà jẹun. Ẹ jẹun tiyín.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé omi tí ẹ kò mọ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ láìmú ìwọ̀ dání, nígbà tí omi bá fà dé ìpẹ̀kun. Ohun tí omi ń bò mọ́lẹ̀ ni yóò hàn sí yín: ipa odò tó gba àárín ẹrẹ̀ kọjá, ihò, àpáta, òkìtì iyanrìn, gbòǹgbò, ẹsẹ̀ afárá tí ìgbín omi lẹ̀ mọ́. Ẹ fi ojú mú wọn, kí ẹ padà wá nígbà tí omi bá ń rìn. Ẹ wo ibi tí àwọ̀ omi méjì ti pàdé àti ibi tí àwọn ẹyẹ ti ń já ṣòòròṣò sínú omi, nítorí ẹja kéékèèké wà níbẹ̀. Koríko omi aláwọ̀ ewé tó léfòó, èyí tó gba Badagry wọ orílẹ̀-èdè wa ní ọdún 1984, kì í lè gbé inú iyọ̀. Níbi tó bá ti tutù yọ̀yọ̀, ẹ má wá kúta, tó jẹ́ ẹja omi iyọ̀, síbẹ̀ lásìkò náà. Bí ẹ bá sì rí ẹ̀ka igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ yíká, akájà nìyẹn. Ẹja wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oko olóko ni.

Àwọn kan kò fẹ́ gbọ́ gbogbo èyí. Ọṣẹ ni wọ́n ń rà. Ẹni tó ń ta á kò rí òkun rí, síbẹ̀ ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó kàwé pé bí wọ́n bá fi fọ ọwọ́ àti ìwọ̀, ẹja á máa sáré bọ̀. Bí àwọn ará etíkun bá sọ pé ọjọ́ báyìí ni àwọn kì í pẹja, ìlànà onílé nìyẹn, àlejò kò gbọdọ̀ rú u. Ṣùgbọ́n ọṣẹ yìí, òwò lásán ni. Èyí tó tún burú jù ni àwọn tó ń da Gamalin 20, oògùn apakòkòrò, sómi, bí wọ́n ti ń ṣe ní àwọn odò wa nílé. Òfin ẹja òkun ọdún 1992 kà á léèwọ̀ láti fi májèlé pẹja, mo sì ti sọ fún ẹni tó bi mí léèrè rẹ̀ pé kó má tún tẹ nọ́ńbà mi mọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìjùmú gbọ́ ìdajì ìmọ̀ràn mi, ó fi ìdajì sílẹ̀. Mo sọ fún un pé kó lọ wo omi nígbà tó bá fà tán, kó sì padà sílé. Òun lọ nígbà àrànmọ́jú, tí omi ń fà jù, ó rí òkìtì iyanrìn kan lókèèrè, ó sì la ipa omi tí kò ju orúnkún lọ kọjá débẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀ lọ́wọ́ àti ọṣẹ lápò. Ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, inú rẹ̀ dùn. Omi ti yí padà, ṣùgbọ́n wákàtí àkọ́kọ́ ni, kò sì fura. Nígbà tí yóò fi bojú wẹ̀yìn, ipa omi tó fi ẹsẹ̀ là ti di ohun tó mu ún dé àyà, ó sì ń ṣàn kíkankíkan. Ọmọ náà kò mọ omi í wẹ̀. Òkìtì náà ń kéré sí i lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí omi fi mu ún dé ìbàdí. Àwọn apẹja Ẹ̀gùn tó ń kọjá ló fi ọkọ̀ gbé e. Wọ́n bi í pé ta ló rán an wá, ó dárúkọ mi. Ìyẹn dùn mí ju ohunkóhun lọ, torí n kò rán ẹnikẹ́ni gun òkìtì. Ọṣẹ náà ti yọ́ tán sínú ṣòkòtò rẹ̀.

Bí ẹ bá dé etí omi, ẹ gún igi kan mọ́ ibi tí omi parí sí gan-an, kí ẹ sì máa wò ó. Bí ó bá jẹ́ pé omi lẹ là kọjá kí ẹ tó dé ibi tí ẹ dúró sí, ìgbà tí omi bá ti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ igi náà ni kí ẹ ká okùn yín, ì báà jẹ́ pé ẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fà á.