Nígbà tí owó jíìnì gbẹ: bí owó orí ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá

Kí òyìnbó tó gba ìjọba, nǹkan pọ̀ tí àwọn baba ńlá wa ń san. Ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀, iṣu tàbí epo ló sì máa ń fi san án. Oníṣòwò tó ru ẹrù dé ẹnubodè ń fún oníbodè ní tirẹ̀. Ilẹ̀ àti ẹrù ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó bu owó lé ènìyàn. Ní ti "owó orí", ohun tí ọkọ ń san nítorí ìyàwó ni etí mọ̀ ọ́n sí.

Ìjọba òyìnbó ní gúúsù náà kò kọ́kọ́ ka orí ẹnikẹ́ni. Owó èbúté ló fi ń jẹun, èyí tó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni owó ẹnubodè ọtí: jíìnì tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá láti Jámánì àti Họ́láńdì. Nígbà tí ogun àgbáyé bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, ọkọ̀ Jámánì kò wá mọ́, owó jíìnì sì gbẹ. Frederick Lugard, gómìnà àgbà òyìnbó, tó ti ń gba owó lọ́wọ́ ará ìlú tààrà ní òkè ọya, wá gbé ètò náà wá sísàlẹ̀. Ọ̀yọ́ ló kọ́kọ́ kàn, ní 1916. Ó kan Ẹ̀gbá ní 1918, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn tí òyìnbó gba òmìnira tí àdéhùn 1893 fi sílẹ̀ fún wọn kúrò lọ́wọ́ wọn.

Bí wọ́n ṣe ń bù ú nìyí. Ajẹ́lẹ̀ àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á dé abúlé, wọ́n á ka ilé, wọ́n á ka àgbà ọkùnrin, wọ́n á fojú díwọ̀n ohun tí oko ń mú wọlé lọ́dún, wọ́n á sì dá iye kan lé gbogbo abúlé lórí. Baálẹ̀ á pín in fún àwọn baálé, baálé á pín in fún ọmọ ilé. Ọ̀nà kan náà ni owó ń gbà padà, títí dé àpò ìṣúra ọba. Apá kan dúró níbẹ̀ fún owó oṣù àwọn ìjòyè àti akọ̀wé, ìyókù di ti ìjọba.

Àgbẹ̀ kò ní ìwé ìṣirò, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́. Bí ẹni tó ń pín in bá jẹ́ ẹbí, olóko ńlá lè san iye tí olóko kékeré san. Ẹni tó kú lẹ́yìn kíkà ṣì wà nínú iye abúlé, àwọn tó kù ló ń bá a san án. Bí owó kòkó bá já wálẹ̀, iye tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ kì í bá a já. Ẹni tó bá sì sọ rìsíìtì nù, kó máa gbàdúrà kí akódà má pàdé òun lọ́nà.

Ní Abẹ́òkúta, ọkùnrin ń san sílè márùn-ún, obìnrin ń san sílè méjì àbọ̀. Ìjọba ti sọ pé owó yìí ló máa rọ́pò iṣẹ́ títún ọ̀nà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ iṣẹ́ náà kò dáwọ́ dúró. Ní oṣù kẹfà 1918 ni Ogun Àdùbí bẹ̀rẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá hú irin rélùwéè, wọ́n gé wáyà tẹligíráàfù, wọ́n pa Ọ̀ṣilẹ̀, ọba Òkè-Ọnà ní Ẹ̀gbá. Àwọn ọmọ ogun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun ìlà-oòrùn Áfíríkà dé ni ìjọba rán lọ paná rẹ̀.

Owó orí obìnrin wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ní 1947, àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lábẹ́ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kọ̀ ọ́, wọ́n rọ́ lọ sí ààfin, wọ́n sì kọrin bú ọba tó ń gbà á. Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò lórí oyè ní oṣù kìíní 1949, wọ́n sì dá owó orí obìnrin dúró. Ọba náà padà sórí oyè lẹ́yìn náà.

Ogun abẹ́lé Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 ló tún dá wàhálà owó orí sílẹ̀. Ìjọba nílò owó ogun, ó sì tún fi kún owó orí. Àgbẹ̀ tó ń ta kòkó fún bọ́ọ̀dù, àjọ ìjọba tó ń ra kòkó, ní iye tí bọ́ọ̀dù bá fẹ́ ni wọ́n ń bi ní owó omi ẹ̀rọ, ní abúlé tí ẹ̀rọ kò dé. Ní oṣù kọkànlá 1968, àwọn àgbẹ̀ ya wọ Ìbàdàn. Orin wọn ni "ọ̀kẹ́ mẹ́fà la ó san". Owó ẹyọ ni ìṣirò yẹn ti wá: ọ̀kẹ́ kan jẹ́ àpò ẹyọ kan, ìyẹn ẹgbàá mẹ́wàá, wọ́n sì ń kà á sí sílè márùn-ún. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà jẹ́ ọgbọ̀n sílè. Ẹyọ ti kúrò lọ́jà tipẹ́, síbẹ̀ òun ni àgbẹ̀ ṣì fi ń ka owó ìjọba.

Ní oṣù kẹsàn-án 1969, àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ yìí, fọ́ ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn, wọ́n tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Ìgbà tí Awólọ́wọ̀ bá Táfá Adéoyè, olórí wọn, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni ìjọba tó gbà láti dín owó orí náà kù. Iye tí wọ́n fẹnu kò sí jẹ́ pọ́n-ùn méjì lọ́dún, ìyẹn ọ̀kẹ́ mẹ́jọ.