Ibi Tí Omi Dé Tẹ́lẹ̀ Ni Kí Ẹ Yà

Àbúrò mi kan fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Ọ̀dá ni mo yà." Ẹrẹ̀ gbígbẹ ni, ó sán kélekèle bí ẹ̀yìn ìjàpá. Fọ́tò náà mọ́, ó sì rẹwà. Mo bi í pé níbo nìyẹn. Ó ní Lake Mead ni, l'Amẹ́ríkà. Mo ní, "Àbúrò, tí o bá sọ pé ẹ̀yìnkùlé yín ni, màá gbà."

Ẹrẹ̀ inú kòtò àárín títì náà a máa sán tí òjò bá dá fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó bá fẹ́ ya adágún tí ọ̀dá mú, ibi tí omi dé tẹ́lẹ̀ ni kó wá.

Ẹ̀gbẹ́ Las Vegas ni Lake Mead wà, ní ààlà Nevada àti Arizona. Odò Colorado tí ìsédò Hoover dá dúró láti 1935 ló di adágún yẹn. Ní nǹkan bí 2000, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dẹ́nu. Tó bá kún tán, gíga omi rẹ̀ sí ojú òkun jẹ́ 1,229 ẹsẹ̀ bàtà. Ní oṣù Keje 2022, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,040, ohun tó sì kù nínú rẹ̀ fi díẹ̀ lé ìdá kan nínú mẹ́rin. Àmì rẹ̀ wà lára àpáta tó yí i ká: funfun gbòò, bí ẹni fi ẹfun kùn wọ́n láti ẹsẹ̀ dé ọrùn, tí òkè wọn ṣì pọ́n bí osùn. Kálísíọ́mù inú omi ló lẹ̀ mọ́ wọn lára nígbà tí omi fi bò wọ́n. Lọ́dún yẹn, funfun náà ga tó ilé alájà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé lójú fọ́tò, ilé alájà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè dà bí ìlà ṣọ́ọ̀kì. Tí ẹ bá fi lẹ́ǹsì tó fẹ̀ kó gbogbo adágún pọ̀, òkè á kéré, omi á tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹni tó ń wò ó á ní, "Adágún yìí mà dára o." Lẹ́ǹsì tó ń fa nǹkan súnmọ́ ni mo máa ń lò. Màá wá dúró de nǹkan tí gbogbo ayé mọ bó ṣe tóbi tó. Mo ti jókòó lórí òkúta fún wákàtí kan ààbọ̀ rí, mò ń dúró de ọkọ̀ ojú omi kan péré. Nígbà tó gba abẹ́ àpáta funfun náà kọjá, bí èèrà ló rí.

Àwọn pátákó tún wà létí ọ̀nà tó lọ síbi omi, tí wọ́n kọ ọdún tí omi dé ibẹ̀ sí. Mo kúnlẹ̀ nídìí èyí tí wọ́n kọ 2002 sí, mo jẹ́ kí ó gba iwájú fọ́tò, igbó gbígbẹ tẹ̀ lé e, omi wá wà lẹ́yìn pátápátá. Mi ò tíì ya èyí tó dára jù ú lọ níbẹ̀.

Funfun yẹn máa ń da kámẹ́rà láàmú lọ́sàn-án. Ẹ fi ìka kàn án lójú fóònù, kí ẹ fa àmì oòrùn kékeré tó bá yọ wá sísàlẹ̀. Ibi tó bá ṣú díẹ̀ ṣì ṣeé là lójú tí ẹ bá délé, àmọ́ èyí tó bá ti funfun kọjá ààlà ti lọ nìyẹn. Àárọ̀ kùtù ló dára jù, tí oòrùn ń ti ẹ̀gbẹ́ wá.

Ẹ má gbójú lé ilẹ̀ ibẹ̀ o. Ẹrẹ̀ tó gbẹ lókè lè rọ̀ bí àmàlà nísàlẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ òsì mi ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ẹ má gbé drone lọ, òfin kò gbà á.

Ẹ kọ ibi tí ẹ dúró sí sílẹ̀, àti lẹ́ǹsì tí ẹ lò, torí pé ẹ máa padà lọ. Ní Lake Oroville ní California, omi fà ní 2021 débi pé ilé iṣẹ́ mànàmáná ìsédò ibẹ̀ dáwọ́ dúró ní oṣù Kẹjọ. Ní 2023, ó ti kún. Ẹni tó dúró síbì kan náà lẹ́ẹ̀mejì ló ní ìtàn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò ni ọ̀pọ̀ wa ti ń purọ́ láìmọ̀. Adágún tó fà lóṣù Kejì nílé wa, ẹ̀ẹ̀rùn ni, ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Ti Lake Mead pàápàá kì í ṣe ọ̀dá nìkan: láti àdéhùn 1922 tí àwọn ìpínlẹ̀ tó ń lo odò Colorado ṣe ni wọ́n ti ń pín omi tó ju èyí tí odò náà ń gbé wá lọ. Ẹ kọ déètì, ẹ kọ ìwọ̀n omi ọjọ́ náà, ìjọba ń gbé e jáde lójoojúmọ́.

Àbúrò mi tún fi òmíràn ránṣẹ́ lánàá, nínú àwọn tó yà lọ́jọ́ kan náà: àpáta funfun, ọkọ̀ kékeré kan nísàlẹ̀. Ó ní òun ti fẹ́ pa á rẹ́ tẹ́lẹ̀, pé ọkọ̀ yẹn ló bà á jẹ́.