Metropolitan Tabernacle

Metropolitan Tabernacle jẹ́ ilé ìsìn Ìjọ Onítẹ̀bọmi ní àdúgbò Elephant and Castle, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1861 ni wọ́n ṣí i, láyé Ọbabìnrin Victoria, nígbà tí àwọn ìjọ tí kò sí lábẹ́ Ìjọ Áńgílíkà ń kọ́ ilé ìsìn káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìjọ náà ti wà tipẹ́ kí wọ́n tó kọ́ ilé yìí. Ní 1854, wọ́n fi Charles Haddon Spurgeon, ọmọ ọdún 19, ṣe pásítọ̀ wọn ní New Park Street. Kò pẹ́ tí ilé ìsìn wọn kò fi gba èrò mọ́, ni wọ́n bá ń háyà gbọ̀ngàn kiri. Ní Oṣù Kẹwàá 1856, ní gbọ̀ngàn orin Surrey Gardens, àwọn kan pariwo iná láàárín ìsìn. Iná kankan kò jó, àmọ́ ènìyàn 7 kú níbi tí èrò ti ń dù láti jáde.

Sir Samuel Morton Peto, gbajúgbajà agbaṣẹ́ṣe ọ̀nà rélùwéè, ló fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé tuntun lélẹ̀ ní 1859. William Willmer Pocock ló yàwòrán rẹ̀. Òpó ńlá 6 dúró níwájú, bíi ti tẹ́ńpìlì àwọn Gíríìkì. Spurgeon fúnra rẹ̀ ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀: èdè Gíríìkì ni wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Titun, ó sì gbà pé irú ilé bẹ́ẹ̀ ló yẹ Onítẹ̀bọmi.

Inú ilé náà gan-an ló yẹ kéèyàn wò dáadáa. Nǹkan bí ènìyàn 6,000 ló ń gbà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò sì tíì dáyé. Nítorí náà, wọ́n fi ìjókòó òkè yí gbogbo inú rẹ̀ po ní ìpele méjì, kí ẹnikẹ́ni má bàa jìnnà jù sí oníwàásù. Pèpéle gbayawu onírélì ló ti ń wàásù. Adágún ìrìbọmi wà níwájú rẹ̀ níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i. Kò sí dùùrù. Ẹnì kan ló ń lé orin, gbogbo ìjọ á sì gbè é. Owó tí wọ́n ná lé ní £31,000, wọn kò sì jẹ gbèsè kọ́bọ̀ nígbà tí wọ́n ṣí i.

Spurgeon kú ní 1892. Iná jó ilé náà ní 1898, wọ́n sì tún un kọ́. Bọ́ǹbù Jámánì tún wó o nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ilé tí wọ́n ṣí ní 1957 kéré sí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n àwọn òpó iwájú yẹn ni ti 1861.