Dúdú Ojú Asà Yẹn Lè Jẹ́ Fàdákà

Látìgbà tí àwọn ilé ìkàwé ńlá nílẹ̀ Yúróòpù ti ń gbé ìwé àtijọ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbéèrè kan wà tí àwọn èèyàn kì í yé fi ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n á rí ojú ìwé tí wọ́n ya asà àwọn ẹlẹ́ṣin ogun ayé àtijọ́ sí, wọ́n á rí kìnnìún dúdú lórí búlúù, wọ́n á wá ìdílé tó ni àmì náà títí, wọn ò ní rí i. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ni ín?” Èsì mi kì í sábà yàtọ̀: ó ṣeé ṣe kí kìnnìún yẹn má dúdú rárá lọ́jọ́ tí wọ́n yà á, kó jẹ́ fàdákà gidi tó ń kọ mọ̀nà, kó sì jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ìtọ́jú ìwé àfọwọ́kọ niṣẹ́ mi, pàápàá èyí tí wọ́n kọ sórí awọ ẹran. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń wo irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi sọ́kàn: àwọ̀ tí ojú ń rí lónìí lè má jẹ́ àwọ̀ tí ayàwòrán kùn. A dúpẹ́ pé àwọn tó dá àṣà àmì asà sílẹ̀ ní òfin kan tó ń jẹ́ ká mọ èyí tó ti yí padà.

Ọ̀rúndún kejìlá ni àṣà náà mú gbòǹgbò. Lójú ogun àti níbi eré ìjà orí ẹṣin, nígbà tí irin bo èèyàn, àmì ara asà ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀ látòkèèrè. Nígbà tó yá, ọmọ ń jogún ti bàbá, àmì sì di ti ìdílé. Kí ojú lè tètè mú un, wọ́n pín àwọ̀ sọ́nà méjì. Wúrà àti fàdákà wà lápá kan. Ìyeyè lè dúró fún wúrà, funfun lè dúró fún fàdákà. Pupa, búlúù, dúdú, àwọ̀ ewé àti àlùkò wà lápá kejì. Wọn kì í fi wúrà lé fàdákà, wọn kì í sì í fi àwọ̀ apá kejì lé ara wọn. Àmì orílẹ̀-èdè Nàìjíríà pàápàá kò yà kúrò nínú òfin yìí: asà dúdú ni, ìlà funfun tó ń lọ́, tó dúró fún Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé, ló sì wà lójú rẹ̀. Ká ní búlúù ni wọ́n fi ya odò náà, bí àwọn oníṣẹ́ máàpù ṣe máa ń ṣe, àwọn onímọ̀ àmì asà ì bá fapá jánú.

Ìwé tí mo máa ń ní kí èèyàn fi kọ́ ojú rẹ̀ ni Codex Manesse, tó wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Heidelberg ní Jámánì. Ìwé orin ni, orin ìfẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ti akọrin 140. Ìlú Zürich ni wọ́n ti ṣe é, láti nǹkan bí ọdún 1300 títí di nǹkan bí 1340. Ewé awọ 426 ló ní, àwòrán ńlá 137 ló sì wà nínú rẹ̀. Ayàwòrán mẹ́rin ló fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló ya 110 níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù wá fi kún un lẹ́yìn ni. Ipò ni wọ́n fi to àwọn akọrin náà: Heinrich, ọba àwọn ọba, ló ṣáájú, àwọn ọba tẹ̀ lé e, lẹ́yìn wọn làwọn ìjòyè, títí dé orí àwọn mẹ̀kúnnù. Asà àti àṣíborí wà lókè orí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ká sọ òótọ́, gbogbo àmì inú rẹ̀ kọ́ ni ojúlówó. Akọrin tí kò ní asà, ayàwòrán fún un ní tirẹ̀. Ìwé náà ti wà ní Heidelberg rí, ó sì rìn jìnnà kó tó padà síbẹ̀. Ó wọ ilé ìkàwé ọba Faransé ní Paris ní 1657, ibẹ̀ ló wà títí di 1888 tí òǹtàwé kan fi ìwé míì pààrọ̀ rẹ̀, tó sì gbà á padà fún Heidelberg. Ní 2023, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ìwé tó jẹ́ ìrántí fún gbogbo ayé.

Ẹyẹ idì dúdú lórí wúrà ló wà lára asà Heinrich. Dúdú yẹn, dúdú ni lóòótọ́, ó sì bá òfin mu. Báwo la ṣe wá ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí fàdákà tó ti bàjẹ́? Dúdú tí wọ́n fi èédú ṣe máa ń ṣú dọ́gba, kì í dán, kì í sì í ṣe ẹ̀yìn awọ náà ní nǹkan kan. Fàdákà tó ti bàjẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ibì kan á ṣú, ibì kan á rí bí eérú, ibòmíì á ṣì máa kọ mọ̀nà díẹ̀ bí èèyàn bá tan iná sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Etí rẹ̀ máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ ṣí ewé náà sẹ́yìn, ẹ lè rí òjìji rẹ̀ tó ti là á já. Ẹ wo ojú ìwé tó kọjú sí i, ẹ lè rí àbàwọ́n rẹ̀ níbẹ̀ náà.

Imí ọjọ́ ló fà á. Ó wà nínú afẹ́fẹ́ níwọ̀n kékeré, èéfín èédú inú ilẹ̀ tí wọ́n dá nílùú Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ ọdún sì fi kún un. Bó bá ti kan fàdákà, àwọn méjèèjì á para pọ̀ di nǹkan dúdú. Ohun kan náà ló ń ṣe ẹ̀gbà fàdákà tẹ́ ẹ gbé sínú àpótí, tẹ́ ẹ ò wọ̀ fún ọdún kan. Ti ẹ̀gbà, ẹ lè fi aṣọ nù ún kó padà dán. Ti inú ìwé, wọ́n ti lù ú títí tó fi fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ nù ún, fàdákà fúnra rẹ̀ ló máa nù kúrò, awọ lásán ló máa kù. Wúrà kì í bá imí ọjọ́ ṣe irú wàhálà yìí, ìdí nìyẹn tí wúrà inú àwọn ìwé wọ̀nyí fi ń dán títí dòní.

Àwọ̀ ewé tún burú ju fàdákà lọ. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ṣe é ni pé wọ́n á gbé bàbà sókè ọtí kíkan títí ìpẹtà aláwọ̀ ewé á fi bò ó. Wọ́n á ha á, wọ́n á lọ̀ ọ́. Ó máa ń rẹwà nígbà tó bá ṣì tuntun. Bó bá di ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan, ó lè pàwọ̀ dà di bí ilẹ̀, kó sì máa jẹ awọ. Mo ti di ewé kan mú rí tí òkè kékeré tí wọ́n fi àwọ̀ ewé yà sísàlẹ̀ asà ti já bọ́ pátápátá; ihò tó kù síbẹ̀ rí bí òkè náà gẹ́lẹ́. Funfun tí wọ́n fi òjé ṣe náà lè ṣú, pupa tí wọ́n fi òjé ṣe pẹ̀lú.

Ibi tí òfin ti wúlò rèé. Bí ẹ bá rí dúdú lórí búlúù, lórí pupa tàbí lórí àwọ̀ ewé, ẹ fura. Bó bá jẹ́ orí wúrà ni, ẹ fọkàn balẹ̀. Lẹ́yìn ìfura, ẹ wá ẹ̀rí. Àwọn ìwé kan wà láti ayé ìgbà náà tí kò ní àwòrán rárá, ọ̀rọ̀ Faransé àtijọ́ ni wọ́n fi ṣàpèjúwe asà kọ̀ọ̀kan, imí ọjọ́ kò sì lè yí ọ̀rọ̀ padà. Níbi tí owó bá wà, a máa ń lo ẹ̀rọ kan tó ń tan X-ray sójú àwọ̀ láì fọwọ́ kàn án: fàdákà á jẹ́jọ́ tirẹ̀, òjé á jẹ́jọ́ tirẹ̀.

Ẹ má ṣáà fi òfin yìí na gbogbo asà lẹ́gba o. Ní ewé keje Codex Manesse, ọba kan tó jẹ́ ọ̀dọ́ gun ẹṣin, ó ń fi àṣá dọdẹ. Konrad ni, ẹni tí wọ́n tún ń pè ní Konradin. Àgbélébùú wúrà lórí fàdákà ló wà lára asà rẹ̀. Ẹni tó bá rọ̀ mọ́ òfin á ní ọwọ́ ayàwòrán ló ṣì. Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣì. Àmì ìjọba Jerúsálẹ́mù ni, èyí tí àwọn ajagun ẹ̀sìn Kristi dá sílẹ̀. Konrad jogún oyè ọba ibẹ̀ láti kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí wọ́n bẹ́ orí rẹ̀ ní Naples ní 1268. Wọ́n máa ń sọ pé ṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ òfin lórí àmì yìí, kí ẹni tó bá rí i lè béèrè ìdí. Ìtàn náà dùn ún gbọ́. Lójú tèmi, adùn rẹ̀ ju ẹ̀rí rẹ̀ lọ.

Afẹ́fẹ́ nìkan kọ́ ló ń ba asà jẹ́, ọwọ́ èèyàn náà ń bà á jẹ́. British Library ní London ní ìwé kíká kan tí wọ́n ń pè ní Dering Roll, tó ti wà láti apá ìparí ọ̀rúndún kẹtàlá. Ó gùn ju mítà méjì àbọ̀ lọ, asà 324 ló wà lójú rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ó bọ́ sọ́wọ́ Sir Edward Dering, ará Kent, ẹni tí ìtàn ìdílé rẹ̀ ń pa bí ọtí. Ó pa àmì àti orúkọ ẹnì kan rẹ́, ó wá fi ti baba ńlá kan tí kò sí rí rọ́pò rẹ̀: Richard fitz Dering. Iná tí a bá tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló máa ń tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀, torí pé awọ tí wọ́n bá ti fi ọ̀bẹ ha máa ń hu irun wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò rí.

Wọ́n tún máa ń bi mí pé kí ló dé tí a kò kùn fàdákà tuntun lé dúdú náà kí ìwé lè padà sí bó ṣe wà. Bí mo bá kùn ún, kí ni mo fi yàtọ̀ sí Dering? Ohun tí à ń ṣe ni pé ká dín ọ̀rinrin, ooru àti ìmọ́lẹ̀ kù níbi tó wà, ká fi pépà tó mọ́ sáàárín àwọn ewé níbi tí fàdákà bá ti ń ta sí èkejì, ká sì kọ ohun tá a rí sílẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni Codex Manesse lórí ìkànnì ilé ìkàwé Heidelberg, Cod. Pal. germ. 848 ni nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ fi ẹyẹ Heinrich tó wà ní ewé kẹfà bẹ̀rẹ̀, kí ojú yín kọ́kọ́ mọ dúdú gidi. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tó yẹ kí irin ti máa dán, bí idà àti àṣíborí. Bí ẹ bá rí i pé ó ti ṣú, ẹ sún un mọ́ra dáadáa, kẹ́ ẹ wo etí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ṣí ewé náà sẹ́yìn wò kẹ́ ẹ tó dórí asà.