Ṣé Fídíò Nìkan Lè Kọ́ Ọmọdé ní Yorùbá?

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn òbí Yorùbá tó ń tọ́mọ ní London tàbí Houston, kódà àwọn tó wà n'Ìkẹjà ń sọ ọ́: “Mo ti ń fi fídíò Yorùbá hàn án lórí YouTube, á gbọ́ ọ tó bá yá.” Wọ́n á gbé fóònù lé ọmọ lọ́wọ́, orin a-b-d á máa dún, ọkàn wọn á sì balẹ̀ pé èdè ń wọ̀ ọ́ lára. Ìfẹ́ èdè ló mú wọn ṣe é, ó sì yẹ ká yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n èdè kì í wọ ọmọ kékeré lára bẹ́ẹ̀.

Ní 2003, Patricia Kuhl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Washington, nílùú Seattle, gbé ìwádìí kan jáde. Ọmọ oṣù 9 láti ilé tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n lò. Àwọn kan jókòó ti ẹni tó ń sọ èdè Mandarin ti ilẹ̀ Ṣáínà: ó ń bá wọn ṣeré, ó ń kàwé fún wọn, ó ń wò wọ́n lójú. Ìgbà 12 ni wọ́n pàdé láàárín bí oṣù kan, nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 nígbà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé irú eré àti ìwé kíkà bẹ́ẹ̀ fún àwọn mìíràn nínú fídíò. Àwọn tó bá èèyàn jókòó mọ ìró Mandarin yà sọ́tọ̀. Àwọn tó wo fídíò kò sàn ju ọmọ tí kò gbọ́ Mandarin rárá lọ.

Ẹnì kan lè ní ká kúkú pa íntánẹ́ẹ̀tì tì. Ìyẹn náà kò tọ̀nà. Ní 2014, àwọn olùwádìí mìíràn, Sarah Roseberry, Kathy Hirsh-Pasek àti Roberta Golinkoff fi ọ̀rọ̀-ìṣe tuntun kọ́ àwọn ọmọ ọdún méjì sí méjì ààbọ̀. Àwọn tí olùkọ́ bá sọ̀rọ̀ lórí ìpè fídíò Skype, tó ń gbọ́ wọn tó sì ń dá wọn lóhùn, mọ̀ ọ́n bíi ti àwọn tí olùkọ́ wà níwájú wọn gan-an. Àwọn tó wo èyí tí wọ́n ti ká sílẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Ìdáhùn yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Bí ọmọ bá nawọ́ sí ajá, olórin inú YouTube kò ní í sọ pé, “Ajá ni o, ó ń gbó!” Bó bá gbé ohùn òkè síbi tí ohùn ìsàlẹ̀ yẹ, kò sẹ́ni tó máa tún un pè fún un. (Àgbàlagbà tó ti mọ bí a ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ lè rí púpọ̀ mú nínú fídíò, ọ̀rọ̀ ọmọdé là ń sọ.)

Nítorí náà, ẹ pe ìyá àgbà l'Ógbómọ̀ṣọ́ lórí WhatsApp. Àmọ́ àwa òbí gan-an la sábà máa ń ba ìpè yìí jẹ́. Màmá àgbà á bèèrè pé, “Àdùkẹ́ mi, kí lo jẹ lónìí?” Kí ọmọ tó la ẹnu, ìyá rẹ̀ ti já a gbà: “Ìrẹsì ló jẹ, mà.” Ó parí, ọmọ ti sá lọ ṣeré. Nígbà mìíràn, àánú ọmọ á ṣe màmá, á sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ronú, kódà bó pẹ́ díẹ̀. Bó bá ní “rice,” kí màmá ní, “Ẹ̀n-ẹ́n, ìrẹsì! Ta ló sè é?” Ẹ pè nígbà tí màmá bá ń já ẹ̀fọ́ tàbí tó ń rẹ́ ilá, kó gbé e sókè kí ọmọ rí i, kí ọmọ náà sì sáré gbé bàtà tiẹ̀ wá. Bí dátà kò bá tó láti fojú rí ara wọn, kí màmá fi ohùn ránṣẹ́, kí ọmọ fi ohùn tirẹ̀ fèsì, kí màmá sì tún dá a lóhùn padà.